Ṣé Òtútù Ló Ń Pe Iná? Ìdáhùn Lórí PWHT Páìpù Iṣẹ́ Òtútù

Ìbéèrè náà rèé, mo gé e kúrú díẹ̀. Kí ẹ tó kà á: jíjó tí a ń wí ni fífi iná so irin pọ̀; PWHT ni iná tí a ń fi sí ojú jíjó lẹ́yìn tí a bá ti jó o tán; WPS ni ìwé ìlànà tó sọ bí a ó ṣe jó o; A333 Grade 6 sì jẹ́ irú irin páìpù tí wọ́n ṣe fún òtútù:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń bójú tó jíjó páìpù níbi iṣẹ́ kan. Páìpù A333 Grade 6 ni, ohun tí yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá lè tutù dé −40°C. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nípọn tó 11 mm, àmọ́ ojú jíjó mẹ́rìnlá wà tó nípọn tó 28 mm. WPS tí a ní, wọn kò fi iná kankan sí i lẹ́yìn jíjó nígbà tí wọ́n dán an wò. Ní báyìí, olùyẹ̀wò ẹni tó ni iṣẹ́ ní kí a ṣe PWHT fún gbogbo ojú jíjó pátá nítorí pé iṣẹ́ òtútù ni. Ọ̀gá agbaṣẹ́ṣe wa fàáké kọ́rí, ó ní iná yẹn gan-an ni yóò ba irin jẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?"

Àbúrò mi, kò sẹ́ni tó jàre tán nínú àwọn méjèèjì. Olùyẹ̀wò yín mú ohun tí kì í ṣe ìdí, ó fi ṣe ìdí. Ọ̀gá yín ní tiẹ̀ ń sá fún ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀n. Òtútù kì í pe iná. Ohun tó ń pe iná ni bí irin ṣe nípọn tó, irú ohun tó ń gba inú páìpù kọjá, àti ohun tí ẹ fọwọ́ sí nínú ìwé àdéhùn. Ẹ̀rí ni òtútù ń bèèrè ní tiẹ̀: ẹ̀rí pé ojú jíjó yẹn, bí ẹ ṣe jó o gan-an, pẹ̀lú iná lẹ́yìn tàbí láìsí iná lẹ́yìn, ṣì yi nígbà tó bá tutù.

Jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ "yi" yẹn, torí ibẹ̀ ni ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀. Èdè wa ti ya le àti yi sọ́tọ̀, àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí la tún ń dà wọ́n pọ̀. Dígí le, kò yi. Awọ yi, kò le. Irin tó dára máa ń yi nínú ojú ọjọ́ lásán: lù ú, á kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó ronú àtijá. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti ń wọ̀ ọ́ lára, ó níbi tó máa ń dé tí yíyi rẹ̀ á wálẹ̀ lọ́gán, tí á wá máa ṣẹ́ bíi dígí. Bó bá sì dé ibẹ̀, kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1943, ọkọ̀ òkun agbépo kan, Schenectady, ṣẹ́ sí méjì, ó ku díẹ̀ kó já tán, ní Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìjì kò jà, ìgbì kò gbé e. Wọ́n so ó mọ́ èbúté jẹ́ẹ́ ni, ọkọ̀ tuntun sì ni. Irin tí kò yi tó nínú òtútù, pẹ̀lú àbùkù nínú ojú jíjó, ló ṣe é.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n-líle wá bá ẹ, tó ní ojú jíjó yín kò le jù, ó dára, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdánwò Charpy, níbi tí òòlù ti ń gbá irin tútù láti mọ bó ṣe yi tó, ló ń sọ ìdajì tó kù. Ó yẹ kí ìwọ àti olùyẹ̀wò yẹn jọ lọ wò ó lójúkorojú lẹ́ẹ̀kan. Irin kékeré ni wọ́n máa gé, 10 mm níbùú, 10 mm ní nínípọn, 55 mm ní gígùn, wọ́n á gé ẹnu V tó jìn ní 2 mm sí àárín rẹ̀. Wọ́n á rì í sínú ọtí tí wọ́n kó yìnyín gbígbẹ sí, á wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ó kéré tán. Ẹ̀mú tí wọ́n á fi gbé e pàápàá ti gbọ́dọ̀ tutù. Láti ìgbà tó bá kúrò nínú ọtí sí ìgbà tí òòlù yóò fi gbá a, ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀, kó dá a padà. Lẹ́yìn náà, mú irin tó ṣẹ́ náà, kí o wo ojú rẹ̀. Èyí tó yi máa ń rí wúruwùru bí òwú eérú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú síta. Èyí tí kò yi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa dán wínníwínní bíi hóró ṣúgà. Kí n tó wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ ni mo ti máa ń mọ èyí tó gbà àti èyí tí kò gbà. Fún irin tó lágbára bí A333 Grade 6, ASME B31.3, ìyẹn kóòdù (ìwé òfin) páìpù ilé-iṣẹ́, fẹ́ kí ìpíndọ́gba irin mẹ́ta tó 18 J (júùlù, ìwọ̀n agbára tí irin gbà mọ́ra kó tó ṣẹ́), kí ọ̀kankan má sì wálẹ̀ ju 14 J lọ. Kì í ṣe inú jíjó nìkan ni wọ́n ti ń gé e o. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé e láti etí jíjó pẹ̀lú, níbi tí iná ti kan irin láìjẹ́ pé irin náà yọ́. Etí yẹn ló máa ń dójú ti èèyàn jù.

Ó wá kù sí ohun tí iná ń ṣe. Nígbà tí ojú jíjó bá ń tutù, ó fẹ́ sún kì, àmọ́ irin tó yí i ká kò jẹ́. Bó ṣe ń fà tí wọn kò jẹ́ kó lọ, ìfà yẹn á ṣẹ́kù sínú irin, ó sì lè pọ̀ tó agbára tí irin fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Ní nǹkan bí 600°C, agbára irin á ti dínkù, á rọra nà díẹ̀díẹ̀, ìfà náà á sì dẹ̀. Kì í tán pátápátá, ṣùgbọ́n á rọ̀ dáadáa. Etí jíjó tó ti le jù á rọ̀ pẹ̀lú, háídírójìn tó bá sá pamọ́ sínú irin á sì ráyè jáde. Oore tó wà nínú PWHT nìyẹn, olùyẹ̀wò yín kò parọ́ níbẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ pé nínípọn ni kóòdù fi ń wọ̀n ọ́n ni pé irin tó nípọn máa ń di ara rẹ̀ mú láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò ní ibi tí yóò gbà yẹ̀. Irin tín-ínrín máa ń rí àyè tẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná ní owó orí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín ní òótọ́ nínú. Ojú jíjó tí wọ́n jó ní ìpele lórí ìpele, pẹ̀lú ẹlẹ́kítíróòdù (ọ̀pá tí a fi ń jó irin) gidi, máa ń ní hóró kéékèèké tó ṣe wínníwínní, hóró kéékèèké yẹn ló sì ń jẹ́ kó yi nínú òtútù. Ìpele kejì ti máa ń rọ ìpele kìíní kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbé iná wá. Bí ẹ bá wá gbé e sórí iná, tí ẹ jẹ́ kó pẹ́ jù tàbí kó gbóná jù, kábáìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí ààlà hóró, agbára irin á wálẹ̀, yíyi náà lè wálẹ̀. Irin tí wọ́n fi níóbíọ́ọ̀mù tàbí fanádíọ́ọ̀mù díẹ̀ sí tilẹ̀ lè le sí i dípò kó rọ̀. Nítorí náà, "iná kì í pa irin lára" kì í ṣe òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni "iná máa ń ba irin jẹ́" kì í ṣe òótọ́. Wákàtí mélòó, ní ìwọ̀n wo? Ìbéèrè nìyẹn.

Lórí kóòdù, ọ̀rọ̀ yín kò le. Kó tó di àtẹ̀jáde ọdún 2014, bí irin P-No. 1 (ẹgbẹ́ irin tí A333 Grade 6 yín wà nínú rẹ̀) bá ti ju nǹkan bí 20 mm lọ, B31.3 á ní kí ẹ ṣe PWHT. Láti àtẹ̀jáde yẹn, wọ́n dẹ okùn rẹ̀: ẹ lè yẹra fún PWHT bó ti wù kó nípọn tó, bí ẹ bá jó o ní ìpele púpọ̀ nígbà tí irin bá ju 5 mm lọ, tí ẹ sì mú un gbóná dé 95°C kí ẹ tó jó o nígbà tí irin bá ju 25 mm lọ. Nítorí náà, kọ́kọ́ ṣí ìwé àdéhùn, wo àtẹ̀jáde ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, dandan ni iná fún mẹ́rìnlá yẹn. Bó bá jẹ́ ti tuntun, ọwọ́ yín ló wà, àyàfi bí ẹni tó ni iṣẹ́ bá ní ìlànà tirẹ̀ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ní in. Àwọn ti 11 mm kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, nínú àtẹ̀jáde èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Mo sì fura sí ibi tí olùyẹ̀wò yín ti mú ọ̀rọ̀ wá. Nínú kóòdù àgbá, ASME VIII Division 1, ìpínrọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní UCS-68. Bí èèyàn bá ṣe PWHT fún irin P-No. 1 níbi tí kóòdù kò ti fi dandan lé e, wọ́n máa ń ta á lọ́rẹ 17°C lórí ìwọ̀n òtútù tó lè dé kí wọ́n tó bèèrè ìdánwò Charpy. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí àgbá á ti gbà pé òtútù àti PWHT jọ ń rìn ni. Ẹ má gbé òfin àgbá wá sórí páìpù. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í bóyá ibẹ̀ ló ti rí i. Ẹ má dójú tì í.

Ìwé tó máa dájọ́ láàárín wọn ni PQR yín, ìyẹn àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò tí WPS dúró lé. Ibi tí mo ti rí i tí iṣẹ́ ń dàrú jù nìyí, torí náà fara balẹ̀ bá mi kà á. Nínú ASME IX, ìwé òfin lórí ìdánwò jíjó, bóyá wọ́n fi iná sí i lẹ́yìn jíjó tàbí wọn kò fi sí i jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí a kò gbọ́dọ̀ yí padà láìṣe ìdánwò tuntun. O sọ pé wọn kò fi iná sí WPS yín nígbà tí wọ́n dán an wò. Bí ẹ bá wá gbọ́ràn sí olùyẹ̀wò lẹ́nu lónìí, tí ẹ gbé páàdì (ohun tó ń mú irin gbóná fún PWHT) sórí ojú jíjó kan ṣoṣo, ojú jíjó yẹn ti bọ́ sẹ́yìn WPS. Ẹ ti sọ ohun tó ní ẹ̀rí di ohun tí kò ní. Iná tí ẹ rò pé ẹ fi ṣe é lóore ló mú ẹ̀rí kúrò lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lódìkejì. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣe PWHT fún mẹ́rìnlá náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní PQR tí wọ́n fi iná sí, tí wọ́n ṣe Charpy rẹ̀ lẹ́yìn iná yẹn, kì í ṣe ṣáájú. Níbi tí Charpy bá sì ti jẹ́ dandan, iye àsìkò tí irin ìdánwò lò lórí iná gbọ́dọ̀ tó 80% àpapọ̀ àsìkò tí ojú jíjó gidi yóò lò ní gbogbo ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "àpapọ̀" yẹn ni kí o fi tírò sí. B31.3 fẹ́ wákàtí kan fún 25 mm kọ̀ọ̀kan, láàárín 595 àti 650°C. Fún 28 mm, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 67. Ó dà bíi pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n bí X-ray bá rí àbùkù lẹ́yìn iná ńkọ́? Ẹ ó gé e, ẹ ó tún un jó, ẹ ó tún gbé e sórí iná: ìṣẹ́jú 134. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i: 201. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún 201 jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 161. Bí irin ìdánwò yín bá lo ìṣẹ́jú 67 péré, àtúnṣe àkọ́kọ́ ti ti yín jáde. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi irin ìdánwò sórí iná fún wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá yè é tó ṣì yi, mo ti ra àyè fún àtúnṣe méjì. Bí kò bá yè é, mo ti mọ̀ nílé ìdánwò, kì í ṣe lórí páìpù.

Ìwé ẹ̀rí tó bá irin wá láti ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, èyí tí a ń pè ní mill cert, náà ṣe pàtàkì. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi omi pa fílánjì A350 LF2 tàbí ẹ́líbò A420 WPL6 yín, kí wọ́n sì rọ̀ ọ́ pẹ̀lú iná lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá rọ̀ ọ́ ní 620°C, tí ẹ̀yin wá gbé PWHT dé 645°C, ẹ ti tún iṣẹ́ wọn ṣe láìbi wọ́n. Ẹ dúró ní ìsàlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fi rọ̀ ọ́. Mo máa ń fi ogún sí ọgbọ̀n digírì sílẹ̀.

Ẹlẹ́kítíróòdù ńkọ́? Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí iṣẹ́ kan tí Charpy ti ń kùnà léraléra, tí gbogbo ènìyàn sì ń bú PWHT. Mo wọ ibi tí wọ́n ń gbé ẹlẹ́kítíróòdù gbẹ, mo yí ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. E7018 ni. WPS kọ E7018-1. Ìyàtọ̀ tó wà nínú orúkọ wọn kò ju "-1" lọ, páálí wọn sì jọra. Ṣùgbọ́n 27 J tí E7018 fi dáni lójú, ní −29°C ni. E7018-1 ní tiẹ̀, ní −46°C ni. Ọ̀rọ̀ iná kọ́ rárá. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sórí ẹlẹ́kítíróòdù oníníkẹ̀lì, ẹ kà á dáadáa: lẹ́yìn PWHT ni wọ́n ti dán E8018-C1 wò, nígbà tó jẹ́ pé láìsí iná ni wọ́n dán E8018-C3 wò. Ohun tí wọ́n kọ sí páálí kò ṣe é gbé láti ìpò kan sí òmíràn.

Bó bá wá di dandan pé kí ẹ fi iná sí mẹ́rìnlá yẹn, ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ìsàlẹ̀ páìpù. Ooru máa ń gòkè. Mo ti rí i tí wọ́n fi thermocouple (wáyà tó ń wọn ìgbóná) kan ṣoṣo sí orí páìpù ńlá, ìwé ìlà jáde, ó rẹwà, 620°C gbọnrangandan. Mo ní kí wọ́n lẹ méjì sí i mọ́ ìsàlẹ̀ lórí ojú jíjó tó tẹ̀ lé e. Orí wà ní 620, ìsàlẹ̀ kò tíì dé 560. Ìdajì ojú jíjó ni wọ́n ti ń tọ́jú látọjọ́ yẹn. Lórí páìpù tó tóbi, mẹ́rin ni mo fẹ́, ní orí, ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ irin pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jó o mọ́ra, kì í ṣe kí ẹ fi wáyà dì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí páàdì gùn kọjá etí jíjó dáadáa ní ọ̀tún àti lósì, kí òwú tó ń bo ooru sì gùn ju páàdì lọ, kí ìgbóná lè máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára páìpù. Bó bá wálẹ̀ lójijì, ẹ ti dá ìfà tuntun sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Ẹ dí ẹnu páìpù méjèèjì kí atẹ́gùn má gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ gbé e ró dáadáa, torí irin 600°C kò ní egungun. Fáàfù tí rọ́bà tàbí Teflon bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó jó o.

Ohun kan lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ mi padà, o kò sì kọ ọ́ sínú ìbéèrè: kí ló ń gba inú páìpù náà kọjá? Bó bá jẹ́ ohun tó ní H₂S àti omi, tàbí àmáìnì, tàbí sódà gbígbóná, tàbí àmóníà, a lè ní kí ẹ ṣe PWHT fún gbogbo rẹ̀, títí kan ti 11 mm, nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń wá ìfà inú irin kiri kí wọ́n lè là á. Níbẹ̀, olùyẹ̀wò yín á jàre nípa ìdájọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tó mú kọ́ nìyẹn. Lọ bá àwọn tó ń bójú tó ìṣiṣẹ́ ohun inú páìpù. Má bi agbaṣẹ́ṣe.

Ẹnì kan á tún bi ẹ́ nípa irin oníníkẹ̀lì, torí náà kí n sọ ọ́ níwọ̀nba. Bí níkẹ̀lì bá ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n iná tí hóró irin ti ń yí padà ń wálẹ̀, kò sí àyè fún àṣìṣe lókè mọ́. Irin níkẹ̀lì 9% ní tiẹ̀, 550 sí 585°C ni wọ́n ń fún un nígbà tó bá nílò iná, kò sì gbọ́dọ̀ rọra tutù bíi ti yín. Ó gbọ́dọ̀ yára, ju 165°C lọ ní wákàtí kan títí dé 315°C, torí pé bó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, yíyi rẹ̀ á lọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé níkẹ̀lì díẹ̀ ti tó fún òtútù gbogbo: lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 1944, àgbá gáàsì olómi kan tí wọ́n fi irin níkẹ̀lì 3.5% ṣe fọ́ ní Cleveland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, èèyàn 130 ló kú. Òtútù gáàsì yẹn ju ohun tí irin náà lè gbé lọ.

Kọ lẹ́tà sí olùyẹ̀wò náà. Fi PQR sínú rẹ̀ pẹ̀lú èsì Charpy ti inú jíjó àti ti etí jíjó, ní −46°C bí wọ́n bá ṣe é níbẹ̀, àti orúkọ àtẹ̀jáde kóòdù tó wà nínú àdéhùn. Sọ pé ti 11 mm kò ní gba iná, àyàfi bí àwọn tó mọ ohun inú páìpù bá kọ̀wé pé ó yẹ. Fún mẹ́rìnlá tó kù, fún un ní àṣàyàn méjì: 95°C kí ẹ tó jó o láìsí PWHT, bí àtẹ̀jáde bá gbà á, tàbí PWHT lẹ́yìn PQR tuntun tí irin ìdánwò rẹ̀ lo wákàtí mẹ́ta àbọ̀ lórí iná. Sọ iye ọjọ́ tí PQR tuntun yóò gbà. Kí ó fọwọ́ sí èyí tó bá mú, kí ó sì tó fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má gbé páàdì kankan sórí páìpù yẹn.